Òkè tí ó wà lẹ́yìn orúkọ 'Man O' War'

Ní gbogbo ibùdó tí àwọn agùnbánirọ̀ ti ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, kò sí ẹni tí kò mọ orúkọ náà, Man O' War. Ní kùtùkùtù, kí ìrì tó gbẹ lórí koríko, àwọn ọ̀dọ́kùnrin àti ọ̀dọ́bìnrin yóò máa fi okùn gòkè, wọn yóò máa fo kòtò, wọn yóò máa rìn lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí a gbé sókè. Bí a bá bi ọ̀pọ̀ nínú wọn léèrè pé níbo ni orúkọ yìí ti wá, wọn yóò dáhùn pé ọ̀dọ̀ àwọn sójà ni. Ìdáhùn náà kò tọ̀nà. Orúkọ ibì kan létí òkun ni, níbi tí omi òkun ti yà wọ inú ilẹ̀ lẹ́bàá ìlú Limbe, èyí tí a ń pè ní Victoria títí di ọdún 1982. Ó sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí ibẹ̀ ti kúrò lábẹ́ àkóso Nàìjíríà. Lẹ́yìn etíkun náà ni òkè kan dúró sí, tí ó ga ju gbogbo òkè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ. Nípa òkè náà, àti ọ̀nà tí a ń gbà gùn ún yí ká, ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ̀rọ̀, pàápàá jù lọ ẹ̀yin olùkọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rán ara wa létí ìtàn. Nígbà tí wọ́n lé àwọn Jámánì kúrò ní Kamẹrúùnù ní àkókò Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì pín ilẹ̀ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ bí ẹni pín ẹran ìgbẹ́, láìbi ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí ń gbé orí rẹ̀. Ìpín ti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n so mọ́ Nàìjíríà, tí wọ́n sì ń ṣàkóso pọ̀ mọ́ ọn. Ní ọdún 1951 ni Alec Dickson, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó padà wá dá ẹgbẹ́ VSO sílẹ̀ nílùú wọn ní ọdún 1958, dá ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan sílẹ̀ ní Man O' War Bay. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n kàwé ni wọ́n ń kó lọ síbẹ̀ láti gbogbo ẹkùn Nàìjíríà àti láti Kamẹrúùnù fúnra rẹ̀: ọmọ Yorùbá, ọmọ Ìgbò, Haúsá àti Bakweri, gbogbo wọn a máa sùn sí ibì kan náà, wọn a máa jẹun pọ̀, wọn a máa wẹ̀ lódò, wọn a máa tukọ̀, wọn a máa bá àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́ ọwọ́.

Èrò Dickson ni pé ìwé tí àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà ń kà ti ń jìn wọ́n sí iṣẹ́ ọwọ́ àti sí àwọn ará oko tí ó bí wọn. Àwa kò ní sẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà ní òótọ́ nínú. Ṣùgbọ́n a kò ní ṣàì béèrè pẹ̀lú pé, ta ni ó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ náà pé ẹni tí ó bá di kálàmù mú kò gbọdọ̀ di ọkọ́ mú mọ́? Ṣé kì í ṣe ilé-ìwé àti ọ́fíìsì àwọn amúnisìn náà ni? Ẹni tí ó da omi síwájú ni ó tún wá ń wá ibi gbígbẹ tẹ̀. Bí ó ti wù kí ó rí, ohun tí ó ṣe níbẹ̀ ní èrè, olórí gbogbo rẹ̀ sì ni òkè. Gígun òkè náà wà lára ohun tí ibùdó náà fi ń dán ọkàn ènìyàn wò, nítorí pé níbẹ̀, ìwé ẹ̀rí kò gbé ẹnikẹ́ni.

Òkè Kamẹrúùnù ni ayé ń pè é. Fako ni orúkọ tí a fi ń pe góńgó rẹ̀ nílé. Àwọn ìwé àtijọ́ sọ pé ó ga ní 4,095 mítà. Ìwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ nísinsìnyí ni 4,040. Èyíkéyìí tí a bá mú nínú méjèèjì, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá ẹsẹ̀ bàtà. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni pé kò sí òkè mìíràn tí ó gbé e ró: láti etí òkun gan-an ni ó ti dìde, tí ó sì ń lọ sókè títí ó fi wọ inú ìkuukùu. Òkè ayọnáyèéfín ni, kò sì tíì kú. Ó yọná ní ọdún 1909, ní 1922, ní 1954, ní 1959, ní 1982, ní 1999, ní 2000 àti ní 2012. Ní ọdún 1922, òkúta tí iná inú ilẹ̀ ti yọ́ ṣàn bí odò títí ó fi dé inú òkun ní Bibundi. Ní oṣù Igbe ọdún 1999, ó ṣàn kọjá lórí títì tí ó lọ láti Limbe sí Idenau, ní Bakingili, wọ́n sì kó àwọn ará abúlé náà kúrò nílé wọn. Díẹ̀ ló kù kí ó wọ òkun. Òkúta dúdú tí ó dì náà wà níbẹ̀ títí di òní olónìí, ewéko sì ti ń hù lórí rẹ̀.

Àwọn Bakweri ni ó ni ẹsẹ̀ òkè náà. Wọ́n gbà pé ẹ̀mí kan ń gbé inú rẹ̀ tí ń jẹ́ Efasa Moto, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ààbọ̀ ènìyàn; ohun tí ààbọ̀ kejì jẹ́, ẹnu àwọn àgbà kò kò lé e lórí, nítorí àwọn mìíràn ní òkúta ni, àwọn mìíràn ní ewúrẹ́ ni. Ohun tí ó dájú ni pé bí òkè bá yọná, ẹ̀mí náà ni wọ́n gbà pé ó ń bínú. Bí a bá kà á nínú ìwé ìrìn àjò àwọn òyìnbó, wọn a máa wí pé Richard Burton àti Gustav Mann, pẹ̀lú àwọn tí ó bá wọn lọ, ni wọ́n kọ́kọ́ dé góńgó rẹ̀ láàárín ìparí ọdún 1861 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1862, tí Burton sì sọ góńgó méjì ní orúkọ ọba obìnrin wọn àti ti ọkọ rẹ̀. Ó kù díẹ̀ káàtó. Àwọn ọdẹ Bakweri ti ń lépa ẹran lórí koríko òkè yẹn láti ayébáyé, kò sì sí ìgbà kan tí wọ́n sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìyangàn. Ẹni tí ìtàn rẹ̀ dùn mọ́ wa jù nínú àwọn àlejò náà ni Mary Kingsley, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì, tí ó gba ọ̀nà Buea gùn ún ní oṣù Owewe ọdún 1895, ní àárín òjò, tí ó dé góńgó nínú ìkuukùu, tí kò sì rí nǹkan kan níbẹ̀ ju funfun lọ.

Buea fúnra rẹ̀ ní ìtàn tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ ilé-ìwé ní Áfíríkà mọ̀. Ní oṣù Belu ọdún 1891, àwọn Jámánì kó ogun wá bá ìlú náà lábẹ́ ọ̀gágun wọn, Gravenreuth. Kuva Likenye, olórí Buea, àti àwọn jagunjagun rẹ̀ dúró dè wọ́n ní orí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wọ́n mọ̀ dunjú. Wọ́n borí ogun náà, ọ̀gágun náà sì ṣubú síbẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni ó kọjá kí àwọn Jámánì tó padà wá pẹ̀lú agbára tí ó pọ̀ jù lọ, ní ìparí 1894, tí wọ́n sì gba ìlú. Ní ọdún 1901 ni wọ́n sọ Buea di olú-ìlú gbogbo Kamẹrúùnù wọn, nítorí pé atẹ́gùn tútù ibẹ̀ bá wọn lára mu ju ooru etí òkun lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá bẹ̀rẹ̀ ìrìn náà. Ọ̀nà tí a ń wí yìí kì í ṣe àlọ àti àbọ̀ kan náà. Ọ̀nà àyíká ni: ẹni tí ó bá gba ìhín gòkè, ọ̀hún ni yóò gbà sọ̀ kalẹ̀, tí yóò sì tún rí ara rẹ̀ ní ẹ̀bá Buea. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó yẹ kí a fún un. Láàárín oṣù Belu àti Ẹrẹ́nà ni ó dára jù, nítorí pé àwọn oṣù tí ó kù, òjò ni ó ni wọ́n. A kì í dá a lọ. Afinimọ̀nà láti inú ìlú ni a ń bá lọ, àwọn tí ń bá ni ru ẹrù a sì máa tẹ̀lé e, nítorí pé ìkuukùu lè bò ó mọ́lẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹnìkan kò fi ní rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Láti òkè ìlú, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mítà sí òkun, ọ̀nà gba àárín oko kọjá, ó sì wọ igbó. Igbó náà tutù, ó ṣókùnkùn, gbòǹgbò igi ni àtẹ̀gùn, ẹrẹ̀ sì ń yọ̀ lábẹ́ bàtà. Nínú igbó yìí ni igi kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Prunus africana, tí èèpo rẹ̀ jẹ́ oògùn fún àìsàn tí kì í jẹ́ kí àgbà ọkùnrin tọ̀ geere. Àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn ní Yúróòpù ń rà á tọ́ọ̀nù-tọ́ọ̀nù, àwọn ènìyàn sì bó o débi tí ọ̀pọ̀ igi náà fi kú lórí ìdúró, kí òfin tó wá dá sí òwò rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ bí wọ́n ti ń bó èèpo ọ̀gànwó ní ilé wa yóò mọ ohun tí a ń sọ.

Lẹ́yìn ahéré kìíní, tí ó wà ní nǹkan bí 1,800 mítà àti díẹ̀ sí i, igbó dópin lójijì bí ẹni fi àdá gé e. Kò sí igi mọ́; koríko nìkan ni, òkè sì dìde sójú ẹni bí ògiri. Níbí ni ìyà ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ dé ahéré kejì, tí ó lé ní 2,800 mítà, kò sí ibi títẹ́jú tí ènìyàn lè pè ní ìsinmi. Òkúta kéékèèké ni ilẹ̀ rẹ̀, òkúta tí iná ti sun, fúyẹ́ bí èédú, mímú bí ìgò fífọ́. Ẹsẹ̀ a gòkè ìgbésẹ̀ méjì, a sì yọ̀ padà ìgbésẹ̀ kan. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sáré ni yóò kọ́kọ́ jókòó. Àwọn tí ń ru ẹrù kì í sáré, wọn kì í sì í dúró. Ẹsẹ̀ kúkurú-kúkurú ni wọ́n fi ń lọ, bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀. Bí oòrùn bá wọ̀, òtútù a dé, aṣọ tí ó ń ni ẹni lára ní ọ̀sán a sì di ohun tí a ń wá kiri.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ̀rọ̀ omi, nítorí pé ó ya ẹni lẹ́nu. Debundscha, tí ó wà ní ẹsẹ̀ òkè yìí kan náà níhà òkun, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí òjò ń rọ̀ sí jù lọ ní gbogbo ayé: nǹkan bí 10,000 mìlímítà lọ́dún, èyí tí ó ju ìlọ́po márùn-ún òjò Èkó lọ. Síbẹ̀, ẹni tí ó ń gun òkè náà lè kú fún òùngbẹ. Ìdí rẹ̀ ni pé òkúta iná kún fún ihò bí kànìnkànìn. Bí òjò ti ń rọ̀ ni ó ń gbé e mì. Omi náà kò sọnù, ìsàlẹ̀ ni ó ti ń sun jáde fún àwọn ará abúlé. Ṣùgbọ́n lórí òkè, ohun tí ènìyàn bá gbé lọ́wọ́ ni yóò mu.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni a ń dìde fún góńgó. Èémí a máa kúrú. Kì í ṣe ojo ni ó fa èyí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọjọ́ orí: ní ibi tí ó ga tó 4,000 mítà, nínú èémí kọ̀ọ̀kan tí a bá mí sínú, afẹ́fẹ́ tí ara ń lò kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún èyí tí a ń rí ní etí òkun lọ. Orí a máa fọ́ àwọn mìíràn, inú a máa ru àwọn mìíràn, ẹni tí ó bá sì rí i pé ojú òun ń ṣú kò gbọdọ̀ fi agídí ṣe é; kí ó sọ̀ kalẹ̀ kíákíá ni oògùn rẹ̀. Lórí góńgó kò sí igi, kò sí koríko, eérú dúdú àti òkúta àti ẹ̀fúùfù ni. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́, a óò rí òkun, a ó sì rí erékùṣù Bioko tí ó dúró láàárín omi pẹ̀lú òkè tirẹ̀ tí ó ga ju 3,000 mítà lọ. Fernando Po ni àwọn bàbá wa ń pè é. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà ni ó ṣe lébìrà ní oko kòkó àwọn ará Sípéènì níbẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn kò sì padà wálé pẹ̀lú nǹkan kan.

Ẹni tí ó bá padà gba ọ̀nà tí ó gbà wá, ó rí òkè náà ní ìlàjì. Ìsàlẹ̀ níhà kejì ni ọ̀nà àyíká wa gbà. Eérú jinlẹ̀ níbẹ̀, ẹsẹ̀ a máa rì í dé ọrùn ẹsẹ̀, ènìyàn a sì máa sáré sọ̀ kalẹ̀ bóyá ó fẹ́ tàbí ó kọ̀. Lẹ́yìn eérú ni a kan pápá òkúta iná tí ó ti dì, níbi tí orúnkún ti ń sanwó ohun tí àyà jẹ ní àná. Àwọn kòtò tí iná ti tú jáde wà káàkiri. Lẹ́yìn náà ni koríko tún bẹ̀rẹ̀, a sì dé orísun omi kan tí wọ́n ń pè ní Mann's Spring, tí ó jẹ́ orúkọ Gustav Mann ìjelòó. Ó ti pẹ́ tí ibẹ̀ ti jẹ́ ibùsùn àwọn arìnrìn-àjò, nítorí pé omi wà. Àwọn erin inú igbó náà a máa wá sí agbègbè yẹn, a sì máa rí ipa ẹsẹ̀ wọn ju àwọn fúnra wọn lọ. Ẹyẹ kan wà ní òkè yìí pẹ̀lú, ọ̀kan nínú ìdílé àparò, tí kò sí níbòmíràn ní gbogbo ayé. Láti ọdún 2009 ni ìjọba Kamẹrúùnù ti fi òkè náà ṣe ọgbà ìpamọ́ ẹranko àti igbó. Ní ọjọ́ kẹta a wọ igbó padà, ọ̀nà náà gùn, ó ń dún rẹ̀rẹ̀ fún omi àti kòkòrò, títí a ó fi yọ sí Bokwango, lẹ́bàá Buea.

Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi ṣe èyí. Àwọn kan ń sá a ní òwúrọ̀ kan. Láti ọdún 1973 ni wọ́n ti ń sá eré ìje láti ìlú Buea dé góńgó, tí wọ́n sì tún ń sáré padà. Láti 1996 ni wọ́n sì ti ń pè é ní Eré Ìje Ìrètí. Ọkùnrin tí ó bá gba ipò kìíní kì í lò tó wákàtí márùn-ún. Obìnrin kan, Sarah Etonge, gba ipò kìíní láàárín àwọn obìnrin ní ìgbà méje, tí wọ́n fi ń pè é ní ọba obìnrin òkè.

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Èrèlé ọdún 1961 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pe àwọn ará Kamẹrúùnù tí ó wà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì sí ìdìbò: ṣé Nàìjíríà ni, tàbí Kamẹrúùnù? Ní Gúúsù, ènìyàn 233,571 yan Kamẹrúùnù, 97,741 sì yan Nàìjíríà. Àríwá yan Nàìjíríà. Báyìí ni Fako fi lọ ní ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀wàrà ọdún náà, tí Chappal Waddi, tí ó ga jù ní Nàìjíríà nísinsìnyí ní 2,419 mítà, fi bá Àríwá Kamẹrúùnù dúró sọ́dọ̀ wa. A mọ àwọn tí ń dárò ìdìbò yẹn bí ẹni pé ohun ìní wọn ni wọ́n jí. Àwa kò sí lára wọn. Àwọn ará Gúúsù ní ìdí tí wọ́n fi kọ̀ wá, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì ni pé ẹ̀rù ń bà wọ́n kí àwa tí a pọ̀ má baà gbé wọn mì. Ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà ṣí kúrò níbẹ̀: a gbé ilé-ẹ̀kọ́ òkè lọ sí àwọn òkè Shere lẹ́bàá Jos, a sì gbé ilé-ẹ̀kọ́ òkun lọ sí Àpápá. Orúkọ etíkun Kamẹrúùnù ni wọ́n gbé lọ́wọ́ lọ.

Ohun tí ó ń dùn wá ni ohun tí ó ṣẹ́kù nínú orúkọ náà. Okùn àti igi tẹ́ẹ́rẹ́ ti ibùdó agùnbánirọ̀ dára, ṣùgbọ́n òwúrọ̀ díẹ̀ ni, lórí ilẹ̀ títẹ́jú, lẹ́yìn tí ọmọ ti pé ọdún méjìlélógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ilé-ìwé gíga wa a máa ya àwòrán òkè ayọnáyèéfín sínú ìwé, a fi pẹ́ńsù pupa kun ẹnu rẹ̀, a sì gba máàkì. Kò tíì gun òkè kankan rí tí ó fi mọ ohun tí a ń pè ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́ ìmọ̀ ilẹ̀, òkè wo ni ó wà ní ibùsọ̀ mẹ́wàá sí ilé-ìwé yín? Nígbà wo ni ẹ kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ gbẹ̀yìn, pẹ̀lú omi àti oúnjẹ wọn lẹ́yìn wọn?

Ẹni tí ó bá ń ro Buea nísinsìnyí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ọ̀nà. Ní ìparí ọdún 2016, àwọn agbẹjọ́rò àti àwọn olùkọ́ ní ẹkùn méjì tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní Kamẹrúùnù fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní ìjọba ń fi èdè Faransé àti òfin Faransé tẹ ilé ẹjọ́ àti ilé-ìwé àwọn mọ́lẹ̀. Ìyànjú agbẹjọ́rò àti olùkọ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí ó fi di ìparí 2017, ìbọn ni ó ń sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ti tì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì ti sá wọ ilẹ̀ wa ní Cross River àti àwọn ìpínlẹ̀ tí ó bá a pààlà. Àwọn tí ń ru ẹrù gun òkè àti àwọn afinimọ̀nà rí i pé àlejò kò wá mọ́. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2023, bí eré ìje náà ti ń lọ lọ́wọ́, ohun abúgbàù dún lójú ọ̀nà, ó sì ṣe àwọn sárésáré mọ́kàndínlógún léṣe. Ní ọdún 2024, wọ́n tún tò sórí ìlà ní pápá Molyko, wọ́n sì sá a dé góńgó.